Ẹ̀gbẹ́ Kan Kò Mí

"Má da omi sí i lórí!" Rebecca já ìgò gbà lọ́wọ́ Tósìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀.

Marvellous, ọmọ kíláàsì wọn, jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó di àyà òsì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán ló dìjà, ni Tósìn bá ta á nípàá níhà.

"Tí tíṣà bá gbọ́, wọ́n á lé mi," Tósìn wí. "Ìdánwò àṣekágbá sì ti dé tán."

Alfred, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn: "Ká sọ pé ikọ́ fée tí í séni léèmí ló mú un."

Rebecca ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù Marvellous. Àyà ọ̀tún ń lọ sókè sódò; tòsì dúró gbagidi. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Rebecca kọjú sí wọn. "Ẹ ń wá irọ́ tí ẹ ó pa, ọmọ ọlọ́mọ ń wá èémí tí yóò mí!"

"Rebecca, ẹbí ni wá o," Tósìn bẹ̀ ẹ́.

Rebecca sáré lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, olùkọ́ wọn. Ọkọ̀ olùkọ́ ni wọ́n fi gbé Marvellous kúrò nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Ganaja, Rebecca àti Alfred sì tẹ̀ lé wọn.

Nílé ìwòsàn, Dókítà Hàwáù béèrè ohun tó ṣe é.

"Ikọ́ fée ni, mà," Alfred yára dáhùn.

"Irọ́ ni, mà!" Rebecca já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ta á nípàá níhà ni!"

Dókítà fetí sí àyà òsì, kò gbọ́ ìró èémí kankan. "Ìhà tó ṣẹ́ ti gún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó jò jáde ló ń fún un pa." Kíá, ó gún abẹ́rẹ́ gígùn sí i láyà. Afẹ́fẹ́ tú jáde, ṣíì! Marvellous mí kanlẹ̀. Wọ́n wá ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìhà rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó kù lè máa jáde.

Dókítà kọjú sí Alfred. "O fẹ́ kí n máa fún un ní òògùn ikọ́ fée títí yóò fi kú, àbí?"



Marvellous yè. Wọ́n lé Tósìn nílé ẹ̀kọ́, kò bá wọn ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Màmá Tósìn kì í kí àwọn ará ilé Rebecca mọ́ bó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Otokiti, àwọn ẹgbẹ́ Rebecca sì ń pè é ní olófòófó. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí àyà bá ṣàdédé ń dun ènìyàn, tí kò rí èémí mí, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá sì ní ká purọ́ fún dókítà, ìbáà jẹ́ ẹbí, ikú ló ń bá ṣiṣẹ́.