Ìka Kan Lábẹ́ Tẹ́ẹ̀pù

“Pupa,” ni Akọ̀wé ké, gbogbo ìyá tó jókòó síwájú ilé ìwòsàn sì yí ọrùn wo ìyá ọmọ tó ń wọ̀n.

Akọ̀wé ni àdúgbò ń pe ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, nítorí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó máa ń bá nọ́ọ̀sì wọn apá àwọn ọmọdé. Tẹ́ẹ̀pù ni wọ́n ń yí mọ́ apá ọmọ, bí apá bá ṣe tóbi tó ló ń sọ èyí tó máa hàn nínú àwọ̀ mẹ́ta tó wà lára rẹ̀: àwọ̀ ewé ní kò séwu, yẹ́lò ní kí ìyá ṣọ́ra, pupa ní oúnjẹ tó ń ṣara lóore kò tó ọmọ náà, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ku ẹni méjì kó kan ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Akọ̀wé ní kíláàsì, fa Akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Jọ̀ọ́, má pe pupa fún àbúrò mi. Ọmọ tí o pè é fún lóṣù tó kọjá, ilé ebi ni wọ́n ń pe ilé wọn báyìí. Ojú á ti màámi kú.”

“Bó bá wá jẹ́ pupa ńkọ́?”

“Ṣáà dẹ tẹ́ẹ̀pù yẹn díẹ̀. Àbí a kì í ṣọ̀rẹ́ ni?”

Apá ọmọ ọdún kan náà tín-ín-rín. Akọ̀wé rí i dájú, síbẹ̀ ó ti ìka kan bọ abẹ́ tẹ́ẹ̀pù. “Àwọ̀ ewé,” ló ké. Ìyá aránṣọ mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ká má parọ́, inú Akọ̀wé dùn sí ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá sílé ìwé. Akọ̀wé yà wò ó. Ìyá aránṣọ ń ránṣọ lọ; ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí àjákù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò sunkún, kò sì bojú wo ẹni tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu.

“Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò fẹ́ jẹun,” ni ìyá náà wí. “Mo rò pé eyín ló ń hù. Ǹ bá ti gbé e lọ, ṣùgbọ́n ṣebí ìwọ lo wọ̀n ọ́n, o ní kò séwu.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Ti Akọ̀wé ò tiẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Mo fi ìka sábẹ́ tẹ́ẹ̀pù. Pupa ni.”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀, ó sáré jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Nọ́ọ̀sì gba tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó sì béèrè ìdí. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Ẹ̀bi tìrẹ wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí o máa ké e síta. Ta ló fẹ́ gbọ́ àìsàn ọmọ rẹ̀ lójú ọjà?”

Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni wọ́n ti ń wọn apá ọmọ, ìyá nìkan ni wọ́n sì ń sọ àbájáde fún, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àlàyé bí ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ṣe lè máa wọ oúnjẹ ọmọ lọ́nà tí agbára ilé ká. Àwọn ìyá tí kì í wá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́ọ̀sì dá tẹ́ẹ̀pù padà fún Akọ̀wé. Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé na ọwọ́ láti gba ọmọ náà, kó wọn apá rẹ̀.

“Má bínú, ọmọ mi,” ni ìyá náà rọra wí. “Màá dúró de nọ́ọ̀sì.”

Ó dun Akọ̀wé dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àánú tó bá fi àìsàn pamọ́ kì í ṣe àánú. A lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ òótọ́ tó le, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ torí ojú ọ̀rẹ́ yí i padà, nítorí ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló máa jìyà rẹ̀.