Dẹ́kìn Tó Gbẹ Nínú Fóònù

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, olórí àwọn káfíńtà ti gbá olórí àwọn bíríkìlà ní ẹ̀ṣẹ́ nímú, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo ẹnu bàbá náà. Bàbá yìí, tí gbogbo sáìtì ń pè ní Baba Sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kó máa lọ. Ó gbé ṣọ́bìrì sókè.

"Ẹ̀yin lẹ fi iṣẹ́ falẹ̀! Ẹ ò tíì kan pákó tán, èmi lẹ wá ń bú!"

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n fọ́ yín lórí o!" Káfíńtà náà ti na òòlù.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin kan tó sáré bọ́ sí àárín wọn, tó na fóònù sókè. Àbúrò káfíńtà náà ni. Ó ń retí èsì ìdánwò àṣejáde rẹ̀, òun ló sì ń kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sínú fóònù iléeṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé.

"Ẹ wò ó! Pákó ṣì pupa nínú fóònù, kò tíì parí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ ṣì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ bàbá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó sọ òòlù sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ni wọ́n ń kọ́. Àwọn ọ̀gá àgbà kì í wá síbẹ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n jókòó sí, inú ètò kan tí wọ́n kó sórí fóònù ni wọ́n ti ń wo gbogbo iṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò tíì parí á pupa, èyí tó bá parí á di àwọ̀ ewé. Bó bá sì ti di àwọ̀ ewé báyìí, ètò náà fúnra rẹ̀ á ránṣẹ́ sí àwọn tó kàn pé kí wọ́n máa bọ̀. Kí ètò yìí tó dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lu ara wọn lórí ta ló kàn, ta ni ò kàn. Ó ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò lójú. Ohun tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá sọ fún un ló mọ̀.

Nígbà tí àwọn káfíńtà kan pákó tán, tí wọ́n sì fi ọparun gbé e ró nísàlẹ̀, wọ́n kọjá sí sáìtì mìíràn. Àwọn bíríkìlà da kọnkéré dẹ́kìn, ìyẹn àjà ilé náà, sórí pákó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó lè fara balẹ̀ gbẹ. Kò tíì gbẹ rárá tí ọ̀gá sáìtì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá, fi pe Akọ̀wé sí ọ́fíìsì, tó sì ti ilẹ̀kùn.

"Sọ dẹ́kìn di gíríìnì."

"Ọ̀gá, kò tíì gbẹ, sà."

Ó fi ìkúùkù lu tábìlì, ife tíì já bọ́, ó fọ́. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Lọ́sàn-án yìí làwọn ọ̀gá àgbà ń ṣèpàdé. Tí wọ́n bá rí pupa, wọ́n á lé mi. Èmi náà á sì kọ́kọ́ lé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ!"

"Ṣùgbọ́n á ránṣẹ́ sáwọn káfíńtà, sà. Wọ́n á wá yọ ọparun."

Ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó fún un títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá ṣàdédé rọ̀. "Màá pè wọ́n pé kí wọ́n má wá. Àwọ̀ lásán ni, ọmọ mi. Tí ìpàdé yìí bá dáa, olú iléeṣẹ́ ni màá mú ẹ lọ. Ọ́fíìsì tó tutù, kọ̀ǹpútà tìẹ. Àbí o ò fẹ́?"

Ó fẹ́ ẹ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á, ọwọ́ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó tún ń rí ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì mọ́ oúnjẹ. Ojú ń tì í. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀gá á ti pè wọ́n. Ọ̀gá kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ìpàdé ti dùn, ó ti gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Akọ̀wé tó wọ ẹnu ọ̀nà sáìtì ló ti ń gbọ́ ìró òòlù àwọn káfíńtà lára ọparun; ètò náà ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ké, "Ẹ dúró!" Baba Sìmẹ́ǹtì náà ń sáré bọ̀ láti ibi iyanrìn, ó ń ju ọwọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dẹ́kìn náà tẹ̀ láàárín, ó sì já lulẹ̀ tòun tirin inú rẹ̀. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ké lábẹ́ kọnkéré. Irin ti gún un nítan já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti rún láti orúnkún.

"Iyanrìn lásán ni bàbá yìí fi pò ó!" ni káfíńtà kan pariwo. "Ẹ̀ṣẹ́ ọjọ́sí ló ń gbẹ̀san!"

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Pákó ba Baba Sìmẹ́ǹtì léjìká, ó ṣubú. Bàtà bà á lẹ́nu, eyín fò jáde. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gún un nígbá àyà, ẹnìkan sì ti gbé búlọ́ọ̀kù sókè sí orí rẹ̀.

Ọ̀gá Kíákíá yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé, ó di apá rẹ̀ mú. "Sọ ọ́ di pupa padà, kíá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá yẹn ni wọ́n ń lù, kì í ṣe àwa."

Akọ̀wé wo búlọ́ọ̀kù náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ìdákẹ́ rẹ̀ máa gbà. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré, ó sì dojú bolẹ̀ lórí bàbá náà.

"Ẹ má pa á! Èmi ni! Èmi ni mo sọ ọ́ di gíríìnì, mo sì mọ̀ pé kò tíì gbẹ! Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é!"

Búlọ́ọ̀kù bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Káfíńtà kan fa Akọ̀wé dìde, ó fọ́ ọ létí tó fi tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Kò sá. Ni gbogbo wọn bá kọjú sí Ọ̀gá Kíákíá. Ó ti dé inú mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi òòlù fọ́ gíláàsì, wọ́n wọ́ ọ gba ojú fèrèsé jáde. Bí kì í bá ṣe àwọn ọlọ́pàá tó dé, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, ilé ìwòsàn àwọn aláboyún sì di òkìtì àwókù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà lajú ní ọsibítù, Akọ̀wé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dáríjì mí. Mo ti sọ òótọ́ fún gbogbo wọn."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ìwọ lo gba bàbá lọ́wọ́ ikú. O ṣeun." Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ kó wà. "Ṣùgbọ́n èmi àtìẹ la jọ jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi?"

Akọ̀wé gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sí ètò orí fóònù tó lè mú iṣẹ́ yọrí sí rere bí irọ́ bá wà níka ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa sọ òótọ́, kí ẹ sì máa sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè gba ẹlòmíràn là.