Etí Aṣọ Tó Bọ́

Ọjọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ wọ ilé ìfọṣọ, Alágbàfọ̀ ń bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan jìjàkadì. Ó fi àgbọ̀n di àárín rẹ̀ mú, ó na ọwọ́ méjèèjì, síbẹ̀ ìdí aṣọ ń gbá ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì ni wọ́n ní kí n wá wò."

"Ilẹ̀kùn á dúró. Ẹ kọ́kọ́ bá mi di etí kejì mú ná."

Ó dì í mú. Wọ́n fà á gbọọrọ, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ wọn kanra ni etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó já sílẹ̀.

"Háà! Ọwọ́ tó ń gbá ìṣó wọ pákó, aṣọ lásán ló ń bọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tún un ká."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì gbáko tó fi ń tún ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì ṣe, kò sí ọjọ́ tí kò bọ́. Alágbàfọ̀ a bú u, a tún rẹ́rìn-ín, títí ó fi ṣàkíyèsí pé kí aṣọ tó gbẹ lòun ti ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì bá a jiyàn.

Ẹ̀yìn ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì ni ilé ìfọṣọ dá dúró sí. Hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, alájà mẹ́ta, ti gbó ju gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ, Alágbàfọ̀ kì í sì í fẹ́ pẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá gbé aṣọ lọ sí òkè, ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ni yóò kà ní lílọ, mẹ́tàlá ní àbọ̀. Ọkùnrin tó ń gbé tíì kiri ní yàrá ìjẹun wà nínú fọ́tò kan lára ògiri, fọ́tò tó ti ṣá pátápátá, ọkùnrin náà kò sì tíì dàgbà fi ọjọ́ kan.

Èyí tó wá ń jẹ Alágbàfọ̀ lọ́kàn jù ni ti yàrá kọkànlá. Kò sí ẹni tó gba yàrá náà, àmọ́ láràárọ̀ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ wá ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó. Ta ló ń ṣiṣẹ́ pákó níbẹ̀, bí kò ṣe Káfíńtà? Ta ló wá ń bá sùn? Owú mú un, ó sì ń dójú tì í láti béèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Káfíńtà wá sílé láti fi ara han ìyá Alágbàfọ̀ gẹ́gẹ́ bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí iṣẹ́ ọkùnrin náà parí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ti lo bíi wákàtí kan nígbà tí Àǹtí, àbúrò ìyá náà, wọlé, tó rí i, tó sì di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì? O juwọ́ sí mi!"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí, mà."

"Tèmi kì í ṣe mo rí nǹkan fìrí o. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ìbejì ni ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ta wá ni àbúrò mi rí?"

Ó tẹ orí ba. "Ẹ dákun, mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Màá sọ."

Bó ṣe jáde ni ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé ó ní ìyàwó níbi tó ti ń juwọ́ yẹn. Ìfura loògùn àgbà. Bó bá wù ẹ́, fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mọ ẹni tó ò ń fẹ́."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Káfíńtà lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Alágbàfọ̀ dúró dè é títí. Nígbà tó sú u, ó kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí abíyá, ó wọ inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì.

Káfíńtà méjì ló bá lórí àga. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, àpò irinṣẹ́ kan náà, àpá kan náà lórí àtàǹpàkò.

Mánéjà, ìyá arúgbó tí kì í bínú rárá, dìde. "Látìgbà tó ti dé, ilẹ̀kùn wa ò dún mọ́. Ilé yìí fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ilé bá sì fẹ́ràn, ó máa ń ṣe irú rẹ̀. Fa ọ̀kan lọ́wọ́ jáde. Èyí tó bá kù, tiwa ni títí láé."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yàrá kọkànlá tó yé e. Kì í ṣe obìnrin kankan ló wà níbẹ̀. Nǹkan náà ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sùn ni.

"Èmi ni," ni àwọn méjèèjì wí pọ̀.

Ó bi wọ́n léèrè orúkọ ìyá wọn, wọ́n jọ dáhùn. Bó bá ṣì í mú, ohun tí kì í ṣe èèyàn ni yóò mú wọlé ìyá rẹ̀, ẹni tó fẹ́ yóò sì di fọ́tò lára ògiri.

Aṣọ abíyá rẹ̀ ló rán an létí. Gbogbo ohun tí Káfíńtà ṣe lábẹ́ òrùlé yìí ni ilé rí. Ṣùgbọ́n ilé ìfọṣọ ń kọ́? Ojú rẹ̀ kò tó ibẹ̀.

"Ẹ bá mi ká aṣọ."

Ẹni àkọ́kọ́ dìde. Ó ká a gún régé, etí kan etí. Ẹnì kejì dì í mú, ó ń wo ojú Alágbàfọ̀ ṣáá. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ wọn kanra ni aṣọ bọ́, ó já sílẹ̀.

Alágbàfọ̀ gbá ọwọ́ yẹn mú, ó fà á jáde.

"Èyí tí kò mọ iṣẹ́ lo mú yẹn o!" ni Mánéjà ké tẹ̀ lé wọn.

Lójú ọ̀nà ni Káfíńtà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní fẹ́ mi mọ́."

Yàrá ìgbàlejò ìyá ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Àǹtí já ọkọ ìyàwó léèékánná lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, ìyá sì gbàdúrà tó gùn fún wọn.

Ní Àbámẹ́ta kejì nílé tuntun wọn, aṣọ gbẹ, ìyàwó sì pe ọkọ rẹ̀ kó wá di etí kejì mú. Wọ́n fà á, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Káfíńtà ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, gún régé, etí kan etí.

Alágbàfọ̀ fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

"Ìwọ ta ni?"

"Kí ló dé?"

"Mo ní ta ni ẹ́! Ọkọ mi ò mọ aṣọ ká!"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. "Olólùfẹ́ mi, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ìyá mi fi tọ́ mi. Kí n tó mọ òòlù dì mú ni mo ti mọ aṣọ ká. Èmi ni mò ń jẹ́ kó bọ́. Bí a bá tètè ká a tán, kí ni mo tún fẹ́ dúró ṣe lọ́dọ̀ rẹ?"

Ìfura kì í tètè tán lára. "Ti hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ yẹn ń kọ́? O mọ̀ pé mò ń dán yín wò ni?"

Ó mi orí. "Mi ò mọ nǹkan kan. Mò ń wò ẹ́ ni, mò ń rò ó pé òun lo máa mú. Ọjọ́ yẹn nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní tòótọ́."

Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Aṣọ tún ti bọ́ níbẹ̀, láìmọ̀. Ìyàwó gbé e nílẹ̀, ó tú u, ó na etí kan sí i.

"Jẹ́ ká tún un ká."