Màlúù Ìdána Tó Wà ní Báńkì

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹwàá, nígbà tí eruku bo gbogbo igi ìlú Molepolole débi pé ewúrẹ́ ń gbọn ewé kí ó tó jẹ ẹ́, ọkùnrin gíga kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbá ìgò omi kan mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun.

Tshenolo rí i láti abẹ́ ìbòji ìsọ̀ ẹran, níbi tí tábìlì rẹ̀ wà. Iṣẹ́ alárinà ẹ̀yáwó ni ó ń ṣe. Ẹni tó bá ń wá owó á wá bá a, òun náà á wo iṣẹ́ onítọ̀hún, á wo ohun tó lè fi dógò, á sì mú un lọ sí báńkì tó bá yẹ ẹ́.

Ọkùnrin náà kí i ní Mma, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀, ó gbé ìgò lé orí tábìlì.

"Mma, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi wá. Òun nìyí."

"Omi ni mo ń wò yìí, Rra."

"Omi ni. Èmi ni mo gbẹ́ kànga tí mo ti fà á. Ẹ tọ́ ọ wò."

Tshenolo ti rí ẹni tó mú àwòrán ilé wá, ó ti rí ẹni tó mú pásítọ̀ wá, kò tíì rí ẹni tó mú omi wá. Ó tọ́ ọ wò. Omi náà tutù, kò sì ní iyọ̀ nínú bíi tàwọn kànga tó mọ̀. Kí ó tó rántí pé ẹ̀rí ni, ó ti mu ún tán.

"Ẹ ti mu ìwé mi tán," ọkùnrin náà wí. "Kí ni màá wá fi han báńkì?"

Tshenolo rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní àga.

Orúkọ rẹ̀ ni Oteng Rathari. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè fọ́ àpáta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó fẹ́ yá owó tí yóò fi ra ẹ̀rọ.

Tshenolo kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gbọ́ láìfi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó tẹ̀ lé Oteng lọ sí gàá wọn. Ìyá Oteng fún un ní wàrà kíkan, wọ́n jókòó títí àwọn màlúù fi wọlé. Mẹ́jọ ni wọ́n.

"Màlúù yín nìyí?"

"Màlúù wa ni," Oteng wí. "Èyí tí ìwo rẹ̀ wọ́ yẹn, ó ti jẹ fìlà bàbá mi rí."

"Ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó ṣẹ́ etí rẹ̀ kù."

Ní gàá, wọn kì í béèrè pé ti ta ni màlúù kan. Ẹni tó bá béèrè, bí olè ni wọ́n á ṣe máa wò ó. Tshenolo kọ mẹ́jọ sílẹ̀, ó padà sílé.

Látìgbà náà ni Oteng ti ń wá sí ìdí tábìlì. Ó kọ́kọ́ mú ìwé wá. Nígbà tí kò sí ìwé mọ́, ó mú bàrà wá. Nígbà tí bàrà tán lóko, ó mú ara rẹ̀ nìkan wá.

"Oteng, àga yìí, ti àwọn tó fẹ́ yá nǹkan ni."

"Èmi náà fẹ́ yá nǹkan."

"Kí ni?"

"Ọjọ́ Sátidé rẹ."

"Èlé rẹ̀ ńkọ́?"

"Màá fi ọjọ́ Àìkú kún un."

Ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé pé. Akọ̀wé báńkì ka ìwé náà sókè: màlúù mẹ́jọ, ti Oteng Rathari. Oteng gbé kálàmù sílẹ̀.

"Mẹ́ta ni."

Ojú ti Tshenolo. "O sọ fún mi pé màlúù yín ni."

"Tiwa ni. Ṣùgbọ́n àgbàsìn ni márùn-ún nínú wọn. Mma-Sebina ló kó wọn fún bàbá mi sìn. À ń mu wàrà wọn, à ń fi wọ́n tu ilẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè fi wọ́n dógò."

Tshenolo rántí pé orí màlúù ni òun kà, òun kò wo àmì tó wà létí wọn.

Akọ̀wé ní mẹ́ta lè gba owó ẹ̀rọ àlòkù. Ṣùgbọ́n màlúù tí a bá fi dógò kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ Oteng títí tí gbèsè yóò fi tán. Oteng kò mú kálàmù mọ́. Ó pe Tshenolo síta.

"N kò lè fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́ta yẹn ni mo ní lọ́kàn láti kó lọ bá bàbá rẹ fún ìdána."

Kò tíì sọ ọ́ rí. Tshenolo yíjú sí i.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyí? Lẹ́nu ọ̀nà báńkì?"

"Mo ti ń wá ibi tó dára. Ìwọ lo mú mi wá síbí."

"Gbọ́, olólùfẹ́ mi. Bí o bá kó màlúù fún bàbá mi tí o kò níṣẹ́, ṣé okùn wọn la ó máa jẹ? Wọlé, kí o fọwọ́ sí i."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń bínú. Ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Tshenolo wọlé ṣáájú. Ó sọ fún akọ̀wé pé ọkọ àfẹ́sọ́nà òun ni oníbàárà yìí, kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀ náà, òun kò gba owó ọ̀yà lórí rẹ̀ mọ́. Oteng fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Tshenolo ròyìn fún bàbá rẹ̀, bàbá béèrè pé, "Ta ló gbà á nímọ̀ràn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ lo fi màlúù ìdána ara rẹ dógò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin tí kò bá da màlúù ṣíwájú kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá òun. Oteng bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé ọ̀nà jíjìn, ohùn rẹ̀ nìkan ni Tshenolo ń gbọ́ lórí fóònù, eruku sì ń wúkọ́ nínú ohùn náà.

Lẹ́yìn òjò, àwọn ẹbí Oteng dé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Tshenolo lọ́kùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Málómè, ni ó gbà wọ́n, torí òun ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lẹ bá wá?"

"Igbá omi la wá tọrọ," àgbà wọn wí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń wí bí wọ́n bá wá tọrọ ìyàwó.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní agbẹ́kànga nílé?" Málómè wí. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Màlúù dà?"

"Ó wà ní báńkì," àgbà náà wí, ó wolẹ̀.

Málómè ṣí fìlà rẹ̀. "Àna mi, ìgbà wo ni màlúù ìdána àbúrò mi, ìyá ọmọ yìí, dé ilé wa?"

Bàbá wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ tòní là ń sọ."

"Tshenolo yìí ló fi ọ̀pá dà wọ́n wọlé. Aṣọ iléèwé ló wọ̀."

"Ọ̀dá ló fà á."

"Ọ̀dá ni. A ò ní kí àbúrò mi padà wálé nígbà tí òjò kò rọ̀. A dúró dè ọ́. Màlúù ìdána kì í ṣe ẹran tútù, kì í bà jẹ́."

Tshenolo wà ní ìdí ààrò, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igi ìrokà. Ó rántí àwọn màlúù yẹn, ó rántí ọ̀pá náà. Kò mọ̀ pé ìdána ìyá òun ni wọ́n. Ìyá rẹ̀ ń fi ìborùn bo ẹ̀rín.

Bàbá yíjú sí àgbà ẹbí Oteng.

"Ọmọ yín yìí náà ló sọ fún báńkì pé mẹ́ta ni, nígbà tí ìwé ti sọ pé mẹ́jọ?"

"Òun ni."

"Ẹni tó lè yọ márùn-ún kúrò nínú tirẹ̀ níwájú báńkì kò ní fi mẹ́ta rẹ́ mi jẹ. Ẹ bu omi fún wọn."

Àṣà kò gba ọkọ ìyàwó láyè láti wà níbẹ̀. Abẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà ni Oteng dúró sí láti àárọ̀. Tshenolo gbé ìyókù igbá omi náà lọ bá a. Ó nà án sí i. Oteng fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún, ó fajú ro.

"Iyọ̀ pọ̀ nínú omi yín."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà ọ́," Tshenolo wí.