Maṣíìnì Mùstàfá Lọ Kọ́ Kọ̀ǹpútà

Sàfúrátù wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ní Ìlá, ó figbe ta. Tábìlì ṣófo. Aṣọ ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀ ọmọ aráàlú ga gègèrè nílẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa fi rán wọn.

"Bàbá Ṣàkírù, maṣíìnì dà?"

"Ó lọ ilé ẹ̀kọ́."

Mùstàfá télọ̀, ọlọ́gbọ́n tí kì í ṣi aṣọ gé, ṣàlàyé. Ẹnjiníà Olúrẹ̀mí, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn, ló gbé e. Bí maṣíìnì bá dé, á máa dá ránṣọ, Mùstàfá á kàn máa sùn.

"Ẹ ti ń sùn tẹ́lẹ̀," ni Sàfúrátù fèsì.

Gáréèjì ni wọ́n ti gbọ́ pé Olúrẹ̀mí wọ takisí Ọ̀tan. Wọ́n tẹ̀ lé e. Bó ṣe tajú kán rí wọn lọ́hùn-ún, ó fò sẹ́yìn alùpùpù kan, tòun ti àpò tí maṣíìnì wà nínú rẹ̀. Alùpùpù náà kú lórí òkè. Àwọn èrò gbá a mú, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Ọláyọdé fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Ẹnjiníà."

"Télọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló gbé e fún mi," ni Olúrẹ̀mí wí. "Ẹ dí mi lọ́wọ́, kí ìwé ìròyìn gbé orúkọ yín jáde."

Sájẹ́ǹtì nawọ́ sí ilẹ̀kùn pé kó máa lọ. Iṣẹ́ oòjọ́ Mùstàfá ń lọ lójú rẹ̀.

"Ẹ dákun, Sájẹ́ǹtì," ni Sàfúrátù wí. "Onídìrí ní ìkíni tirẹ̀, aláró ní tirẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kí oníkọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́?"

Olúrẹ̀mí ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "'Ẹ̀rọ á gbọ́ràn o' ni."

Ó dùn mọ́ Sájẹ́ǹtì. Ó dìde, ó gbóhùn sókè: "Ẹ̀rọ á gbọ́ràn o!"

"Òòyà á yà á!"

Ẹnu Olúrẹ̀mí ti dáhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ìdáhùn onídìrí ni, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín sọ nínú àgọ́.

"Òòyà wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

Olúrẹ̀mí dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, ọ̀gá. Òòyà àti òwú ni mò ń kiri fáwọn onídìrí. Inú ìwé ìròyìn tí mo fi ń di òòyà ni mo ti ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà."

Mùstàfá tú àpò, ó gbá maṣíìnì rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún ayọ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni. Sàfúrátù ní kó gbé e káwọn máa lọ, ọdún ti dé.

Sájẹ́ǹtì dúró kí wọ́n jáde tán. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sétí ọ̀daràn náà.

"Rédíò mi ńkọ́, tó o ní ó máa dá mi lóhùn bí mo bá bá a sọ̀rọ̀?"

"Mo ti tà á, ọ̀gá."