Amọ̀ Ìdí Bàtà Bàbá

Atọpinpin ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, nítorí kò sí ohun tí kì í tú wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí bàbá rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí bàtà tí ó wọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ló ń fi èékánná họ. Amọ̀ pupa ló lẹ̀ mọ́ ọn. Orí títì ọlọ́dà ni bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ bàtà tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ ń gbà, ẹnu géètì ilé wọn ló sì ń já àwọn òṣìṣẹ́ sí. Níbo ni amọ̀ ti wá?

Aránbàtà, ará yàrá kejì tí òun àti Bàbá jọ ń ṣiṣẹ́, ti dé tipẹ́. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin àti Bàbá kì í jọ wọ bọ́ọ̀sì ni?"

Aránbàtà gbójú sókè àjà bí ẹni tó ń wá aláǹgbá. "Bi Bàbá ẹ fúnra ẹ̀. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Nígbà tí Bàbá wọlé, ó ní, "Olúwa tó mú mi lọ, tó mú mi bọ̀, mo dúpẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ọ̀nà dí ni?"

"Ọ̀nà ò dí, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ni ò yá." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá lọ.

Ọ̀rẹ́ Atọpinpin ní iléèwé ló wá bu iyọ̀ sí egbò. "Ọkùnrin tó bá nílé méjì ló ń pẹ́ lọ́nà. Ìfura loògùn àgbà o." Ọ̀rọ̀ náà gún Atọpinpin bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri tó dojú kọ ilé iṣẹ́ bàtà náà. Bàbá jáde, òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan, ó ń bá a gbé báàgì. Ó sin ín dé ẹnu bọ́ọ̀sì. "Tètè máa lọ," ni Bàbá wí. "Ọmọ á ti máa sunkún."

Ọmọ kẹ̀? Atọpinpin kò dúró wo ibi tí Bàbá gbà. Eré ló sá délé. "Ìyá mi, obìnrin kan wà pẹ̀lú Bàbá níbi iṣẹ́. Ọmọ sì wà."

Ìyá kò sunkún. Ọbẹ̀ jóná lórí iná, kò gbóòórùn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tìyá tọmọ dúró lẹ́nu bọ́ọ̀sì títí Bàbá àti obìnrin náà fi jáde. "Ìwọ yìí," ni Ìyá ké mọ́ obìnrin náà, "ọkọ ta lò ń gbé kiri?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọkọ tèmi ti kú. Ọmọ ọmú ló wà nílẹ̀. Ẹni tuntun ni mí níbí, bọ́ọ̀sì ò sì láyè. Bàbá ló fún mi ní àga wọn. Ẹsẹ̀ làwọn fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn odò lọ sílé."

Àṣé ohùn Ìyá ti pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ jáde. Ọ̀gá wo ojú gbogbo wọn. "A kì í fi àga ẹni ta ẹlòmíràn lọ́rẹ níbí. Òfin ni." Ó gba àga náà lọ́wọ́ Bàbá àti obìnrin náà. Awakọ̀, tó ti mọ̀ látilẹ̀wá tó sì mójú kúrò, tẹjú mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Aránbàtà, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, gbójú sókè bíi ti ìjọ́sí, ṣùgbọ́n kò sí àjà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì gbéra pẹ̀lú àga kan lófìfo.

Bàbá gba báàgì obìnrin náà. "Ẹ jẹ́ ká máa rìn." Ní ẹ̀yìn odò, amọ̀ pupa ń lẹ̀ mọ́ bàtà gbogbo wọn.

"Mo rí ẹ lẹ́yìn ògiri lánàá," ni Bàbá wí fún Atọpinpin jẹ́jẹ́. "Mo rò pé wàá dúró wò ó dópin."

"Ẹ foríjì mí, sà."

"Mo ti foríjì ẹ́. Ìkókó tébi ń pa, tó ń retí ìyá rẹ̀, nìkan ni ò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí iléèwé bá ti parí, ilé alágbàtọ́ tí obìnrin náà ń gbé ìkókó rẹ̀ sí ni Atọpinpin ń gbà lọ. Ó ń gbé ọmọ náà pọ̀n, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ìyá rẹ̀ yóò fi fẹsẹ̀ rìn dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lóòótọ́ ni ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ká béèrè ká tó ké. Igbe tí a bá ké tán, kò ṣeé gbé mì padà.