Báàtìrì Kọ́lájọ

Kì í ṣe àhesọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ṣì wà láàyè lẹ́bàá Etikan létí òkun, wọ́n sì ń yára gúnlẹ̀ báyìí kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó lọ dúró lórí afárá pákó wọn nírọ̀lẹ́.

Jọọlá, ìyàwó Mósè, ló ń bá àwọn apẹja ibẹ̀ ṣájì báàtìrì tọ́ọ̀ṣì wọn. Sólà méjì ló wà lórí páànù ilé rẹ̀. Apẹja kọ̀ọ̀kan ní báàtìrì méjì: ọ̀kan á bá a ròkun, èkejì á máa gbaná dè é nílé.

Ìgbà òjò tó kọjá ni Kọ́lájọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Àrìnpé bí, ròkun tí kò dé. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ẹni tí òkun bá gbé lọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Báàtìrì tó fi sílé ni wọ́n á fi máa tan tọ́ọ̀ṣì sórí òpó tó wà ní ìparí afárá, kó lè fi mọ̀nà ilé. Ti ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀, torí ẹni tí òkun gbé kò ní dá a mọ̀. Nígbà tó yá, iná orí òpó yẹn di àmì tí gbogbo ọkọ̀ fi ń mọ èbúté.

Báàtìrì ọ̀hún ti gbó. Ó ti wú bí ikùn ẹja tó kú sómi. Á fa iná láti àárọ̀, kò ní kún, á sì máa dá ti àwọn alààyè dúró. Ó sú Jọọlá. Ṣé òkú ló yẹ kó máa jẹ oúnjẹ alààyè ni? Ló bá ń fi í pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n láìfi waya kàn án. Nírọ̀lẹ́, á gbé e fún Àrìnpé, tí wọ́n ń pè ní Iye, ìyá.

"Ó ti kún, Iye."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọkọ tìrẹ ò ní ròkun kó má dé."

Iná náà tàn. Ó tàn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ó tún mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ. Jọọlá fi mítà yẹ báàtìrì náà wò: òfo. Omi iyọ̀ ń kán lára rẹ̀ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti mú, òjò ò rọ̀.

Ẹ̀rù bà á, ìbínú sì gorí ẹ̀rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Mósè ṣe ṣí ọkọ̀ tán, ó tú àkísà pupa tí wọ́n fi ń dá báàtìrì Kọ́lájọ mọ̀, ó sì ju báàtìrì náà láàárín pákó ilé sínú omi tó wà nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Jọọlá mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ ká rántí òwe. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ kí nǹkan kan bọ́ sómi.

Èkejì báàtìrì Mósè wà lórí tábìlì, ó kún dẹ́nu. Ó so àkísà pupa mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé e fún Àrìnpé. Arúgbó náà fọwọ́ pa á lára. "Jọọlá, ṣé ti ọmọ mi nìyí?"

"Tirẹ̀ ni, Iye. Ta ló tún máa ni ín?"

Arúgbó fi í sínú tọ́ọ̀ṣì. Kò tàn.

"Ó ti kú nìyẹn," Jọọlá ní. "Ohun tó bá ti kú, ẹ jẹ́ kó kú."

Àrìnpé gbé tọ́ọ̀ṣì náà lọ sílé.

Oòrùn wọ̀. Godwin, ọ̀rẹ́ Mósè, ló kọ́kọ́ fò sórí pákó.

"Ta ló gbé iná Kọ́lájọ kúrò lórí òpó?"

"Kí ló dé?" Jọọlá béèrè.

"A rí i láàárín òkun. Ó ń lọ. Omi dúdú ni mo rí tí mo fi ṣẹ́rí padà. Mo pe Mósè títí. Ó ní ilé nìyẹn, ó tẹ̀ lé e."

Jọọlá sáré dé ìparí afárá. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń lọ jẹ́ẹ́. Kékeré kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó mọ kékeré yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣájì rẹ̀ láàárọ̀, kò sì ní kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Òkun dákẹ́. Kò sí ìró ẹ́ńjìnì, kò sí ìró ìgbì. Ó dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Mósè ò dé. Jọọlá lọ kúnlẹ̀ fún Àrìnpé.

"Iye, ẹ dákun, ẹ fún mi ní báàtìrì yẹn. Ti ọkọ mi ni. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Èwo? Ti Kọ́lájọ ni. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣàánú mi."

"Gbà, lọ bá mi ṣájì rẹ̀."

Ó ṣájì rẹ̀. Kí ni ì bá tún ṣe? Nírọ̀lẹ́, Àrìnpé gbé e sórí òpó, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tàn. Jọọlá la ẹnu láti pe Mósè, arúgbó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Lókèèrè, ìmọ́lẹ̀ méjì wà lójú omi. Ọ̀kan yí padà, ó kọjú sílé. Àwọn obìnrin méjèèjì ò mọ èyí tó jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Jọọlá ń ṣájì, Àrìnpé ń pe Kọ́lájọ, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ti sún mọ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ ohùn tó ń jẹ́ ìpè náà. Ohùn náà kì í ṣe ti Kọ́lájọ. Kì í ṣe ti Mósè.